Bí ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń rọ̀ tó sì ń le, láti fi gbé ohun róbótó

Ẹ kíyè sí ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú ẹyin kan nínú kéréètì. Ìka kì í le kó tó débẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ dẹ̀, á tẹ̀ lé bí ikùn ẹyin náà ṣe rí, ìgbà tó bá yí i ká tán ló tó máa le díẹ̀, tí ẹyin á sì bá a dìde. Bí ìka bá ti le kó tó kan ẹyin, èèpo la máa kó nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì wà. Ẹnu irin méjì tó ń pa dé bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi ń gbé nǹkan. Ẹ̀mú dára fún páálí onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe róbótó bí ọsàn, tàbí rìbìtì bí igbá, ojú méjì kékeré péré ni irin ti máa kàn án. Gbogbo ẹrù á wá gúnlẹ̀ sórí ojú méjì yẹn, yálà kó yọ̀ bọ́ tàbí kó fọ́. A lè fi kámẹ́rà àti sẹ́ńsọ̀ kọ́ irin náà lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n owó ńlá nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn, òun ni mo sì fẹ́ kọ́ yín: kí ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ rọ̀ nígbà tó bá ń wé nǹkan, kó sì le nígbà tó bá ń gbé e.

Oríṣi méjì la máa ṣe. Ọ̀kan jẹ́ àpò oníhóró, fún ohun tó rí bíi bọ́ọ̀lù. Èkejì jẹ́ ọ̀já onípele, fún ohun tó gùn tó sì róbótó bí ìgò àti páìpù. Ìdí tí ẹyọ kan kò fi lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ máa rí i níwájú.

Ohun tó ń mú kó le

Kọfí lílọ̀ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá rẹ̀ jáde máa ń le bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kàn án lára báyìí, afẹ́fẹ́ á wọlé, búlọ́ọ̀kù á di àpò rírọ̀. Kọfí inú rẹ̀ kò yí padà rárá. Afẹ́fẹ́ ló yí padà. Ní etíkun, afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ gbogbo nǹkan ní nǹkan bíi 101 kPa (kílópásíkà, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtẹ̀), ìyẹn bí ìgbà tí a gbé kílò kan lé ojú ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, sẹ̀ǹtímítà kan lóròó. A kì í mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ti inú ń ti ti ìta padà. Tí a bá fa ti inú àpò jáde, ti ìta á fún róbà mọ́ àwọn hóró, àwọn hóró á há mọ́ra, ìkankan kò ní lè yí mọ́.

Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Chicago, Yunifásítì Cornell àti ilé iṣẹ́ iRobot ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn lórí èyí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì PNAS. Eric Brown, Heinrich Jaeger àti Hod Lipson wà lára wọn. Bàlúùnù tí wọ́n da kọfí lílọ̀ sí ni wọ́n so mọ́ ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ náà ni pé kí àpò náà fún pọ̀ ní ohun tí kò tó ìdá 0.5 nínú 100 ti tó, kó fi gbá nǹkan mú, kó sì gbé ìwúwo tó ju ti nǹkan náà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Wọ́n ka ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà dì í mú. Róbà á há mọ́ ara nǹkan náà, kò ní jẹ́ kó yọ̀. Níbi tí ara nǹkan bá ti dán, tí róbà sì dí eteetí rẹ̀ pa, á fà á mọ́ra bí ẹnu ọmọ ọwọ́ lára ọmú. Níbi tó bá sì ti ní ọrùn tàbí igun, hóró á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, á le síbẹ̀, á di ìkọ́.

Àpò oníhóró: ohun tí ẹ máa wá

Bàlúùnù onínípọn díẹ̀, tó tó íǹṣì 12. Ìgò omi tàbí mínírà lítà 1.5 tó ti ṣófo, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Síríǹjì ńlá tó ń gba 60 mílílítà, láìsí abẹ́rẹ́. Róbà dírípù tuntun láti ilé oògùn: ẹ má ṣe lo èyí tí wọ́n ti fi tọ́jú aláìsàn. Mo fẹ́ràn róbà dírípù nítorí kẹ̀kẹ́ kékeré tí nọ́ọ̀sì fi ń dín omi kù lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn la máa fi ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa. Ẹ gé ike tó wà ní ìdí róbà náà kúrò, kí ẹ lè fi róbà bọ ẹnu síríǹjì ṣinṣin. Ẹ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un, àti gọ́ọ̀mù olóríṣi méjì tí a máa ń pò pọ̀ kó tó gbẹ.

Ó wá ku hóró, ibẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Kọfí tí a lọ̀ láti ara èso ni, kì í ṣe èyí tí a ń da omi gbígbóná sí tó ń yọ́. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn nítorí pé èyí tó ń yọ́ ni mo fi ṣe àpò mi àkọ́kọ́. Ìgbà òjò ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti mu ọ̀rinrin, ó dì gbagidi nínú bàlúùnù, kò sì rọ̀ mọ́ títí mo fi gé e dànù. Bí ẹ kò bá rí kọfí lílọ̀ rà, gàrí gbígbẹ tó hóró díẹ̀ lè dípò rẹ̀, torí ara rẹ̀ kò dán, igun igun ló ní, ìyẹn ló ń jẹ́ kí hóró há mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ sá a sóòrùn. Yanrìn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó wúwo jù: àpò náà á máa fa ara rẹ̀ wálẹ̀, agbára tó yẹ kó fi gbé ẹrù á tán sórí ìwúwo tirẹ̀. Ìyẹ̀fun kò dára, á gba inú aṣọ òwú kọjá.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ẹ gé orí ìgò náà kúrò, kí ó kù bí àrọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 láti ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ra etí tí ẹ gé, torí etí mímú yẹn ló máa kọ́kọ́ bẹ́ bàlúùnù. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí, kí ihò náà kéré díẹ̀ sí róbà dírípù. Ẹ gé orí ṣóńṣó róbà náà dànù, ẹ ti ojú tí ẹ gé wọ inú ihò ìdérí, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù dí i yípo. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ má kánjú sí i.

Kíkó hóró sínú bàlúùnù ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní wàhálà, nítorí pé ọrùn rẹ̀ fún. Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ wọn kọfí 300 mílílítà sínú ìgò kékeré kan. Ẹ fẹ́ bàlúùnù náà títí á fi tóbi ju orí ọmọdé lọ, ẹ fún ọrùn rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu ìgò kọfí, kí ẹ wá dojú ìgò délẹ̀. Bí ẹ bá tú ọwọ́ lọ́rùn rẹ̀, kọfí á ṣàn wọlé wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ojú èèyàn.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá jáde tán, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó dà bí àpò gàrí tí wọn kò dì kún: ìka yín wọlé, ojú ibẹ̀ sì dúró bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí róbà bá nà pinpin, kọfí ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Àpò tó kún jù kò lè wé ohunkóhun.

Ẹ fa ọrùn bàlúùnù gba inú àrọ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ padà sórí ibi tí ìdérí ń yí wọ̀, ẹ tẹ́ aṣọ òwú ìlọ́po méjì lé ojú ẹnu náà, kí ẹ wá yí ìdérí mọ́ ọn. Róbà tí ẹ ṣẹ́ yẹn ló máa ṣe iṣẹ́ wọ́ṣà, aṣọ òwú ni kò ní jẹ́ kí kọfí bá afẹ́fẹ́ jáde.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ má ṣe rì í sómi nígbà tí ẹ bá ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí omi ló máa fà wọlé, kọfí yín á sì bàjẹ́. Bíi ti fọgonáísà ni kí ẹ ṣe: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ ti kẹ̀kẹ́ dírípù, ẹ fi ọṣẹ híhó pa ìdérí àti ọrùn rẹ̀ lára. Ibi tí ìfófó bá ti ń wú ni ihò wà.

Bí a ṣe ń fi gbé nǹkan

Ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì bẹ̀rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 4 ni ìbú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àpò yín, ìwọ̀n tó dára nìyẹn. Ohun tó bá ju ìdajì àpò lọ dáadáa á ṣòro fún un láti gbé, torí hóró kò ní tó láti yí i ká.

Ẹ fi síríǹjì ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú àpò, kí ẹ mì í, kí hóró tú ká. Ẹ gbé e lé orí bọ́ọ̀lù, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó kọ́kọ́ bá mi dán an wò ń gbé ọwọ́ sókè bó ṣe ń fa síríǹjì, bọ́ọ̀lù sì ń jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní kó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, kó má mira títí àpò á fi le. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni bọ́ọ̀lù bá a dìde. Ẹ kọ́kọ́ fa, ẹ jẹ́ kó le, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé.

Fífà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdajì àpò 300 mílílítà náà jẹ́ àlàfo afẹ́fẹ́ láàárín hóró, ìyẹn 150. Síríǹjì ń fi 60 kún àyè tí afẹ́fẹ́ yẹn á nà dé, ó di 210. Ìtẹ̀ inú àpò á wá bọ́ láti 101 kPa sí bíi 72. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ dírípù, ẹ yọ síríǹjì, ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ padà, ẹ fi bọ̀ ọ́, kí ẹ tú kẹ̀kẹ́, kí ẹ tún fà: ó di bíi 52. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di bíi 37. Láti ibẹ̀ lọ, èrè tí ẹ ń jẹ lórí ìfà kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Mẹ́ta tó fún bọ́ọ̀lù àti ẹyin. Láti tú u sílẹ̀, ẹ ṣí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àpò, ẹ ti afẹ́fẹ́ sí i, á bọ́. Lọ́dún 2012, John Amend, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọdún 2010 yẹn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé títi afẹ́fẹ́ sínú báyìí lẹ́yìn ìgbé kọ̀ọ̀kan ń mú kí àpò náà yá, kó sì ṣeé gbára lé ju kí a kàn ṣí i sílẹ̀ lọ.

Báwo ni àpò ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó lára nǹkan? Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀lù náà bí ojú aago. Òkè pátápátá ni 12. Ní òkè yẹn, ńṣe ni róbà ń ti bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò gbé e. Bí ó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni títì sílẹ̀ yẹn ń dín, tí hihá róbà mọ́ ara bọ́ọ̀lù sì ń fà á sókè. Fún róbà gbígbẹ lára ohun tí kò yọ̀, agbára méjèèjì á dọ́gba ní àárín 1 àti 2 lápá ọ̀tún, àti ní àárín 10 àti 11 lápá òsì, ìyẹn ìgun 45. Èyí tó bá rékọjá ibẹ̀ ló ń gbé e. Bí ara nǹkan bá ń yọ̀, tí róbà há mọ́ ọn ní ìdajì ti àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ rékọjá 2. Kí ẹ kúkú máa gbìyànjú láti sún mọ́ 3, níbi tí ìbàdí bọ́ọ̀lù wà. Kọ́bọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tábìlì kò ní ìbàdí, ìdí nìyẹn tí àpò yìí fi máa ń kùnà lórí rẹ̀. Òwú náà kì í ṣe é gbé dáadáa, torí ó ń rọ̀ sẹ́yìn bí róbà ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Tí bọ́ọ̀lù bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ gbé ẹyin sórí òrùka kékeré kan tí ẹ gé lára páálí ìnùdí, kó má yí. Ẹ tẹ àpò lé e bí ìgbà tí ẹ ń tẹ ìrọ̀rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹyin bá gbéra láìfọ́, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọ̀já onípele

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fi wé ìgò. Ó wé e láìṣe wàhálà. Ẹ mú un kí ẹ fi wé ọsàn: ó hunjọ, ó ká, kò sì fara mọ́ ọn. Bébà lè tẹ̀ sí ọ̀nà kan, kò lè tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìya tàbí kó hunjọ. Hóró lè ṣàn síbi gbogbo. Ìdí tí a fi nílò oríṣi méjì nìyẹn: àpò fún bọ́ọ̀lù, ọ̀já fún páìpù. Ọ̀já náà sì fẹ́lẹ́ ju àpò lọ, ó lè wọ ibi tóóró.

Ẹ gé bébà A4 lásán sí ogún ọ̀já, sẹ̀ǹtímítà 4 níbùú, 20 lóòró. Ẹ tò wọ́n léra, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìparí kan ṣoṣo pọ̀. Ìparí kejì gbọ́dọ̀ wà lómìnira. Ẹ tẹ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan kọdọrọ, kí ẹ wo eteetí ewé rẹ̀: á tò bí àtẹ̀gùn, ewé kọ̀ọ̀kan yọ̀ díẹ̀ lórí èkejì. Ìyọ̀ yẹn gan-an ni rírọ̀ ọ̀já. Bí ẹ bá lẹ ìparí méjèèjì, ẹ ti ṣe pákó nìyẹn.

Ẹ tẹ́ ọ̀já nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan lé wọn lórí, torí láìsí i, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ẹnu róbà ní kété tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, afẹ́fẹ́ ìdí á há sínú. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ bọ inú ọ̀rá tó nípọn, kí ọ̀rá fi sẹ̀ǹtímítà 2 gùn ju ìparí tó wà lómìnira lọ, kí ẹ ki róbà dírípù sí ìparí tí ẹ lẹ̀. Iná àbẹ́là ni kí ẹ fi dí i, bí àwọn oníkúlíkúlí ṣe ń ṣe: ẹ fi rúlà irin méjì há etí ọ̀rá, kó yọ díẹ̀, kí ẹ fi iná rá a lẹ́ẹ̀kan, kó yọ́ pọ̀. Ibi tí róbà gbà wọlé ló máa ń jò jù. Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò níbẹ̀, kì í ṣe iná.

Líle tó ń rí gbà pọ̀ ju bí ojú ṣe rò lọ. Tí a bá pe líle bébà kan ní 1, ogún tó ń yọ̀ lórí ara wọn jẹ́ 20. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá há mọ́ra tí wọ́n di ọ̀kan, líle ń tẹ̀ lé ìnípọn lọ́nà mẹ́ta, 20 lọ́nà 20 lọ́nà 20, ìyẹn 8,000. Ó ti fi ìlọ́po 400 le sí i. Ìṣirò yẹn dúró níwọ̀n ìgbà tí àwọn bébà kò bá tíì yọ̀ lórí ara wọn. Tí ẹrù bá pọ̀ débi tí wọ́n fi yọ̀, líle á já wálẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ ọ bó ṣe ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sí i láti fi ààyè kún un kó tó yọ̀.

Fún ìgò omi 50cl, ẹ di sẹ̀ǹtímítà 4 ìparí tí ẹ lẹ̀ mú bí èèkù, kí ẹ fi 16 tó kù wé ìgò náà. Á yí i ká ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì, torí nígbà náà ìgò á kàn yọ gba ẹnu tó ṣí. Ẹ fà, ẹ dúró, ẹ gbé. Ọ̀rá ń yọ̀ lára ìgò, nítorí náà ẹ lẹ róbà tíúbù kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ sí ojú inú rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn kí wọ́n má dí títẹ̀ lọ́wọ́. Ìgò tó kún wúwo tó nǹkan bí ààbọ̀ kílò. Bí ó bá gbé ìyẹn, ẹ so ọ̀rá piọ́ wọ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgò náà, ààbọ̀ kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tó ti yọ̀ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló máa sọ fún yín bóyá bébà 30 dára ju 20 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀

Pọ́ńpù kékeré oní-12 fóòtì tó ń fa afẹ́fẹ́ àti fáàfù oníná kan tó fún àpò kan. Ẹ jẹ́ kí ètò inú Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń darí ẹ̀rọ, tẹ̀ lé ọwọ́ tí ẹ ti fi síríǹjì kọ́: tẹ̀, fà, dúró ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbé, tú. Kí ẹ tó ra pọ́ńpù, ẹ ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ́síì ṣe lọ. Wọ́n ní pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde kí wọ́n tó rọ gáàsì, wọ́n sì ní géèjì tó ń ka ìtẹ̀. Wákàtí kan lọ́dọ̀ wọn á fi hàn yín bí àpò yín ṣe lè le tó. Ẹni tó bá ń gbé ní Jos máa rí i pé tirẹ̀ kò le tó ti ará Èkó pẹ̀lú pọ́ńpù kan náà. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tẹ nǹkan ní bíi 88 kPa péré.

Àwọn mìíràn ń fi ooru mú nǹkan rọ̀: irin Field, àdàlù bismuth, indium àti tin, ń yọ́ ní ìgbóná 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń le padà bó bá tutù. Ó ń le dáadáa, àmọ́ ẹ máa dúró kó gbóná, ẹ tún máa dúró kó tutù. Afẹ́fẹ́ yá jù ú lọ.

Ní ti ìtọ́jú, òòrùn àti epo ni ọ̀tá bàlúùnù. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí epo ń jẹ róbà títí á fi ya. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní fífà mọ́jú, ẹ tú u, ẹ mì í, kí ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí. Lójú òjò, ẹ máa da kọfí inú rẹ̀ jáde lóòrèkóòrè, kí ẹ tún sá a.